Iná Tí Ẹnì Kan Kò Lè Dá Tọ́jú

Agbẹ́gilére lè jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán pẹ̀lú àáké àti ọ̀bẹ, kí ó sì parí ère rẹ̀ láìyá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aláró, tó bá ti ní ìkòkò, elú àti eérú, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gíláàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa fẹ́ gíláàsì gbọ́dọ̀ ní ìléru tó gbóná tó nǹkan bí 1,100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná náà kò sì gbọdọ̀ kú lóru, torí pé bí gíláàsì bá dì sínú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ, ìkòkò náà lè là. Yàtọ̀ sí ìléru yìí, ó tún nílò òmíràn tí yóò máa ti iṣẹ́ bọ̀ nígbàkígbà tó bá ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀, àti àpótí oníná kan tí iṣẹ́ tó ti parí yóò sùn sí kó má bàa fọ́. A ò tíì sọ̀rọ̀ owó gáàsì o. A ò sì tíì sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ dúró tì í, nítorí ọwọ́ méjì kò tó iṣẹ́ náà ṣe.

Ìdí nìyí tí gíláàsì òde òní fi di iṣẹ́ àjọṣe. Oníṣẹ́ ọnà kó èrò wá, ẹni tó mọ iná kó ọwọ́ wá, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù, ló sì ń san owó iná. Bí àjọṣe yẹn ṣe ń lọ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, àti ibi tó ti já lọ́dọ̀ tiwa. Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé, ní ìpínlẹ̀ tí yanrìn gíláàsì wà lẹ́bàá omi rẹ̀, tí ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn àwọn ọba rẹ̀, ṣùgbọ́n tí mi ò tíì rí ìléru kan níbẹ̀ tí ayàwòrán lè yà wọ̀ pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìlú Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ èyí tí a mọ̀ sí gíláàsì òde òní. Kí ó tó di ọdún 1962, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ni gíláàsì níbẹ̀. Ẹnì kan á jókòó sí ọ́fíìsì, á ya àwòrán ife tàbí àwo, àwọn òṣìṣẹ́ nídìí ìléru á sì ṣe é ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó ya àwòrán kì í fọwọ́ kan gíláàsì, ẹni tó ń fẹ́ ẹ kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú bí yóò ṣe rí. Harvey Littleton, olùkọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní Yunifásítì Wisconsin, ni kò fara mọ́ ètò yìí. Ọmọ ìlú Corning ni, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé iṣẹ́ gíláàsì, nítorí náà ó gbọ́ òórùn ìléru láti kékeré. Ohun tó ń bèèrè ni pé, ṣé oníṣẹ́ ọnà kan kò lè yọ́ gíláàsì tirẹ̀ nínú ìléru kékeré, bí amọ̀kòkò ṣe ń sun ìkòkò tirẹ̀?

Otto Wittmann, ọ̀gá mùsíọ́ọ̀mù ìlú Toledo, ló fún un láyè. Kì í ṣe inú gbọ̀ngàn ńlá níbi tí àwọn àwòrán olówó iyebíye wà o. Gáréèjì kan lórí ilẹ̀ mùsíọ́ọ̀mù náà ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 1962, Littleton kó àwọn oníṣẹ́ amọ̀ díẹ̀ jọ síbẹ̀, wọ́n mọ ìléru, wọ́n da èròjà sí i, wọ́n ṣáná sí i. Kò yọ́ bó ṣe yẹ. Ohun tó jáde kò ṣeé fẹ́ rárá. Dominick Labino ló gbà wọ́n. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe òwú gíláàsì ni ó ti ń darí ìwádìí, ó sì mọ ìléru dénú. Ó ní kí wọ́n tún ìléru náà ṣe, ó sì fún wọn ní àwọn róbótó gíláàsì tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ máa ń yọ́ láti fi ṣe òwú, èyí tí kì í fi iná ṣòfò kó tó yọ́. Gíláàsì wá yọ́ wàyí, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n fẹ́ nínú wọn? Olùkọ́ ni wọ́n, amọ̀kòkò ni wọ́n. Ibẹ̀ ni Harvey Leafgreen ti wọlé, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ gíláàsì Libbey tó wà nínú ìlú yẹn kan náà. Ó mú ọ̀pá, ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, wọ́n tún padà pé jọ, ọ̀rọ̀ náà sì tàn kálẹ̀ dé àwọn yunifásítì káàkiri Amẹ́ríkà.

Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ìtàn máa ń pe Littleton ní bàbá ìgbésẹ̀ náà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí bàbá àgbàlagbà kan kò bá gbé ọgbọ́n ọdún pípẹ́ wọ inú gáréèjì yẹn, gíláàsì náà ì bá kàn yọ́ lásán ni. Mùsíọ́ọ̀mù kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó kàn gba àwọn tó mọ oríṣiríṣi nǹkan láàyè láti bá ara wọn pàdé nídìí iná kan ni. Títí dòní olónìí, olórí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń rí ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa. Mùsíọ́ọ̀mù Gíláàsì ti Corning, ní ìpínlẹ̀ New York, ti wà láti ọdún 1951. Ilé iṣẹ́ gíláàsì ìlú náà ló dá a sílẹ̀. Ní 1996 ni ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó ní ìléru tirẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà láti òkè òkun ń lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀. Láti 1986 ni ó sì ti ní ètò kan tó ń jẹ́ Rakow, tó máa ń gbé owó fún oníṣẹ́ ọnà kí ó ṣe ohun tí kò ṣe rí. Tí ó bá parí, iṣẹ́ náà di ti mùsíọ́ọ̀mù. Ní Tacoma, ní apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, mùsíọ́ọ̀mù gíláàsì tí wọ́n ṣí ní 2002 ní ìléru tí wọ́n to àga yí ká, kí àwọn èrò lè jókòó máa wòran bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Ohun tí èrò ń wò níbẹ̀ rèé. Ọ̀gá ìléru á ti ọ̀pá irin oníhò bọ inú gíláàsì tó ti yọ́, á rọra yí i, gíláàsì á sì máa lẹ̀ mọ́ orí ọ̀pá náà bí ẹ̀kọ gbígbóná ṣe ń lẹ̀ mọ́ orógùn. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, kò gbọdọ̀ dẹ́kun yíyí i, torí pé bó bá dúró, ìwúwo gíláàsì á fà á sílẹ̀ sápá kan. Á yí i lórí tábìlì irin kó lè gún. Ọmọ iṣẹ́ kan á fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ìdí ọ̀pá, gíláàsì á wú. Ọ̀gá á fi ìwé ìròyìn tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n ká ní ìlọ́po ìlọ́po, tẹ́ ẹ láti ìta, ọwọ́ rẹ̀ kò sì jìnnà sí iná ju sísanra ìwé yẹn lọ. Bó bá ti ń le, wọ́n á tún gbé e padà sínú ìléru kékeré, wọ́n á tún mú un jáde. Gbogbo àkókò yìí, oníṣẹ́ ọnà tó ni àwòrán lè wà níwájú wọn, kó máa sọ pé kí ọrùn rẹ̀ gùn sí i, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ sí i. Kò sí ààyè láti rò ó fún ìgbà pípẹ́, nítorí gíláàsì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tó bá tó, wọ́n á fi omi díẹ̀ kan ibi tí ó ti so mọ́ ọ̀pá, wọ́n á gbá ọ̀pá náà díẹ̀, iṣẹ́ á já sọ́wọ́ ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, òun á sì sáré gbé e lọ sínú àpótí ìtutù. Níbẹ̀ ni yóò sùn mọ́jú. Bó bá nípọn gan-an, ó lè lo ọjọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá yára mú un jáde, òde rẹ̀ á tutù ṣáájú inú, á sì là.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta á já bọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Àwọn èrò á pariwo, ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń san owó ìyẹn? Mùsíọ́ọ̀mù ni. Oníṣẹ́ ọnà tó bá ń fi owó ara rẹ̀ yá ìléru ní wákàtí wákàtí kò ní lè dán ohun tó léwu wò. Ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ni yóò máa tún ṣe. Nítorí náà, bí àrà tuntun bá jáde nínú gíláàsì, ẹ wádìí wò dáadáa, ẹ óò rí i pé ẹnì kan ti gbà láti ru ẹrù ohun tó máa fọ́.

Fred Wilson, ọmọ Bronx ní New York, ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń fi ṣàlàyé fún àwọn tó rò pé ẹni tó ń fẹ́ gíláàsì nìkan ni oníṣẹ́ gíláàsì. Adúláwọ̀ ni. Inú mùsíọ́ọ̀mù gan-an ló ti ń dárà: ní 1992, ní Baltimore, ó wọ yàrá ìpamọ́ ẹgbẹ́ ìtàn ìpínlẹ̀ Maryland, ó mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú, ó sì tẹ́ ẹ sáàárín àwọn ife fàdákà àwọn olówó, nínú àpótí kan náà. Kò fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un. Nígbà tó di 2001, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Dante Marioni, ògbóǹtagí nídìí ìléru, ṣiṣẹ́: gíláàsì dúdú tí wọ́n ṣe bí ohun tó ń kán sílẹ̀ láti ara ògiri. Ní 2003, tí Amẹ́ríkà yàn án láti ṣojú fún wọn níbi àfihàn ńlá ti Fẹ́nísì, ó ní kí àwọn ọ̀gá erékùṣù Murano ṣe àtùpà ńlá tí wọ́n ń so mọ́ àjà fún òun, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti ayébáyé, ṣùgbọ́n kí ó dúdú kirikiri. Àwọn ènìyàn dúdú tó gbé ní Fẹ́nísì láyé àtijọ́, tí wọ́n wà nínú àwòrán láìlórúkọ, ló fẹ́ kí àtùpà náà máa sọ̀rọ̀ nípa wọn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé iṣẹ́ àwọn ará Murano nìkan ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ti Wilson nìkan ni.

Tacoma tún ní ètò kan tó dùn mọ́ mi. Àwọn ọmọdé ló máa ń ya àwòrán ohun tó bá wù wọ́n, ẹranko abìyẹ́ olójú mẹ́ta tàbí ẹja tó wọ bàtà, àwọn ọ̀gá ìléru á mú ọ̀kan nínú wọn, wọ́n á sì fi gíláàsì ṣe é gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ṣe yà á, láìtún un ṣe. Méjì ni wọ́n máa ń ṣe: ọmọ á gbé ọ̀kan lọ sílé, mùsíọ́ọ̀mù á tọ́jú èkejì. Orúkọ ọmọ wà lára iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí mùsíọ́ọ̀mù fi ń darí iṣẹ́ yìí láìfọwọ́ kan iná. Ohun tó bá rà, tó bá gbé sójútáyé, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ wò, tí wọ́n á sì fara wé. Corning ti ṣe àfihàn gíláàsì gbogbo ayé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ní 1959, 1979 àti 2019. Ní ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ló kún ibẹ̀. Ní ti èkejì, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ṣáná nínú gáréèjì Toledo, àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń dá dúró ti gba ipò iwájú. Agbára ńlá ni agbára yíyàn yìí, mi ò sì rò pé àwọn tó ni ín máa ń rántí bó ṣe tóbi tó. Bí a bá sì ń wá ẹ̀rí pé iná yìí wúwo fún ilé ńlá náà, ẹ wo Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni Anthony Amoako-Attah, ọmọ Gánà, ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ àwòrán kẹ́ńtè sára gíláàsì pẹlẹbẹ, tí ó sì ń sun ún nínú iná títí yóò fi dà bí aṣọ tó ká. Ní 2023, yunifásítì tó ni ilé gíláàsì ìlú náà kéde pé àwọn yóò kúrò níbẹ̀, torí pé owó àtúnṣe ilé náà ti ga jù.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ẹni tó bá rò pé àlejò ni gíláàsì nílẹ̀ Yorùbá kò tíì gbọ́ nípa Igbó Olókun. Ilé-Ifẹ̀ ni ó wà. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí àwọn ègé ìkòkò amọ̀ tí gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi dì mọ́ inú wọn, ó sì kó díẹ̀ lọ. Ó rí ọgbọ́n àwọn bàbá wa pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ohun tó sì kọ sílẹ̀ ni pé àwọn ará Atlantis ló ni ín. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé gíláàsì tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́.

Ìwádìí inú yàrá àyẹ̀wò ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní 2006, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren fi hàn pé gíláàsì kan wà ní Ifẹ̀ tí kálísíọ́mù àti alumíná rẹ̀ pọ̀ lọ́nà tí a kò rí nínú ti Íjíbítì, ti Íńdíà tàbí ti Yúróòpù. Lẹ́yìn wọn ni Abídèmí Babátúndé Babalọlá wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun gan-an. Ìlẹ̀kẹ̀ tó hú níbẹ̀ lé ní 12,000, ègé ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì lé ní 800, pẹ̀lú àwọn pàǹtí gíláàsì tó máa ń ṣẹ́kù níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ ní tòótọ́. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni. Òkúta àti yanrìn agbègbè yẹn ni wọ́n fi ṣe é, ìlẹ̀kẹ̀ náà sì rìn jìnnà: wọ́n ti rí irú rẹ̀ ní Gao àti Essouk, ní ilẹ̀ Mali. Àwọn ará Ifẹ̀ ìgbà yẹn ti mọ èròjà tí wọ́n ń fi sí i kó lè di àwọ̀ aró. Lára àwọn ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ yìí, irú àwọn tí a ń pè ní sẹ̀gi, òmíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbé e lé ara, àwọ̀ aró lẹ ó rí. Ẹ gbé e sókè kọjú sí oòrùn, á di àwọ̀ ewé. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe iná.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Ègé ìkòkò wà ní mùsíọ́ọ̀mù Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n wà ní Jámánì. Èsì àyẹ̀wò wà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ọwọ́ tó ń ṣe é ni kò sí mọ́. Kò sí ìdílé kan ní Ifẹ̀ lónìí tó lè jókòó nídìí ìléru kó sọ pé, báyìí ni bàbá mi ṣe ń yọ́ ọ láti inú òkúta.

Bídà ni ọwọ́ tó sún mọ́ ọn jù kù sí. Àwọn Masaga, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ gíláàsì láàárín àwọn Tápà, ṣì ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ níbẹ̀. S. F. Nadel, tó ṣèwádìí láàárín wọn ní àwọn ọdún 1930, kọ̀wé nípa wọn. Ìléru amọ̀ wà láàárín ilé, ẹnì kan ń fín ẹwìrì láìdáwọ́ dúró, àwọn ọ̀gá jókòó sílẹ̀ yí iná ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀pá irin rẹ̀. Ìgò tó ti fọ́ ni wọ́n ń yọ́, ìgò bíà àti irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ṣe gíláàsì dúdú tiwọn fúnra wọn, tí wọ́n ń pè ní bikini. Nígbà tí ìgò pọ̀ lọ́jà, tó sì yá láti yọ́, wọ́n pa bikini tì, títí tó fi jẹ́ pé àwọn àgbà díẹ̀ nìkan ló rántí. Lesley Lababidi, tó ti ń bá wọn rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló gbà wọ́n níyànjú láti tún ṣe é. Wọ́n sì ṣe é. Babalọlá àti àwọn onímọ̀ gíláàsì láti ilẹ̀ Faransé yẹ èròjà rẹ̀ wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Toledo náà nìyẹn lójú tèmi: àgbàlagbà tó mọ iná, ẹni tó mọ ìtàn, ẹni tó mọ èròjà, gbogbo wọn nídìí ìléru kan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí mùsíọ́ọ̀mù ilẹ̀ wa tó mú ayàwòrán ọ̀dọ́ kan lọ síbẹ̀ kó lọ fi gíláàsì dúdú yẹn dá ohun tẹ́nìkan ò rí rí.

Kì í ṣe pé àwọn oníṣẹ́ ọnà wa kò fọwọ́ kan gíláàsì o. Wọ́n fi ọgbọ́n yẹra fún iná ni. Ní ọdún 1962 yẹn kan náà ni wọ́n dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ní ilé Dúró Ládípọ̀. Jímọ̀h Bùráímọ̀h, tó ń tọ́jú iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ eré Ládípọ̀, lọ síbi ẹ̀kọ́ tí Georgina Beier ṣe níbẹ̀ ní 1964, láìpẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ pátákó, ó sì fi ṣe àwòrán. Gíláàsì ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì tí ẹlòmíràn ti yọ́ ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ adé. Ìdílé Adéṣínà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti ń ran adé ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn ọba káàkiri, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wà nínú mùsíọ́ọ̀mù òkè òkun. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lára adé, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti Fẹ́nísì àti Bòhẹ́míà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí mùsíọ́ọ̀mù Fowler ní Los Angeles ṣe àfihàn ńlá lórí ìlẹ̀kẹ̀ Yorùbá ní 1998, èyí tí Henry Drewal àti John Mason ṣètò, adé àtijọ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó ṣì wà láàyè ní Nàìjíríà, Bùràsílì àti Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Los Angeles ni wọ́n ti rò ó pé kí wọ́n kó wọn sójú kan.

Ẹni tó wá ń san owó gíláàsì tuntun nílẹ̀ wa ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tó kú ní 2021, tó darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba Tech fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣe fèrèsé gíláàsì aláwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ní Èkó. Wọ́n á gé gíláàsì aláwọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi òjé so ó pọ̀, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ á sì parí iṣẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àwòrán aró Grillo á mọ fèrèsé rẹ̀ láìsí ẹni tó júwe rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n pè é, tí wọ́n bá a jíròrò iye owó, tí wọ́n sì dúró dè é. Iṣẹ́ tí mùsíọ́ọ̀mù ń ṣe ní Toledo, àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe é fún wa, wọn ò sì gba ìyìn kankan lórí rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí ohun tí a kò ní lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn Aṣọdẹbóyèdé, tó tẹ Àkúrẹ́ dó, ló já nílẹ̀ tí àwọn èrò fi kígbe pé akún rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè jiyàn, ṣùgbọ́n ìlú tó ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀ mọ iyì ìlẹ̀kẹ̀. Yanrìn Igbókọ̀dá, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, jẹ́ irú yanrìn tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba gómìnà Ajáṣin, láàárín 1979 sí 1983, fi dá ilé iṣẹ́ gíláàsì Olúwa sílẹ̀ níbẹ̀, tó sì ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ amọ̀, ó sì ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa irin àti èròjà. Ní Adó-Èkìtì, tí kò jìnnà sí wa, Pólì ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀ka gíláàsì àti amọ̀ tirẹ̀. Mùsíọ́ọ̀mù wà ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí Ekpo Eyo ti hú àwọn ère amọ̀ Igbó Ọlájà jáde ní 1971. Ààfin àtijọ́ ti Déjì, ọba Àkúrẹ́, sì wà lára àwọn ilé tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 1990 pé kí wọ́n máa tọ́jú fún ìtàn.

Ìléru ńlá bíi ti Corning kì í ṣe ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀. Gáàsì àti iná mànàmáná wa kò gbà á. Ọ̀nà tó rọrùn wà ní Odumase Krobo, ní Gánà. Àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀ máa ń gún ìgò nínú odó irin títí á fi kúnná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sínú abọ́ amọ̀ tó ní ihò kéékèèké. Láàárín ihò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń gbé igi ewé ẹ̀gẹ́ sí lóòró. Bí wọ́n bá sun ún nínú ìléru amọ̀ tí wọ́n fi igi dá iná sí, lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ pọ̀ di ìlẹ̀kẹ̀, igi ẹ̀gẹ́ á jóná, àyè rẹ̀ á sì di ihò tí òwú máa gbà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán lára rẹ̀ á da lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ oríṣiríṣi ní ìpele ìpele. Kò gba 1,100 láti ṣe èyí, ìgò tó fọ́ sì pọ̀ ní Àkúrẹ́ ju ohun tí ìléru kan lè jẹ lọ.

Ibi tí wọ́n máa gbé e sí ni ìṣòro. Iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù ni láti dáàbò bo nǹkan, olùtọ́jú tó bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ dá iná nítòsí ère amọ̀ tó ti lé ní 500 ọdún lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ààfin àtijọ́ náà kò ṣeé gbẹ́ ìléru sí láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o fọwọ́ sí i, wọn ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí i. Gáréèjì ni Toledo lò, ìyẹn ni kí a rántí. Ní FUTA tàbí ní Adó, níbi tí wọ́n ti ń sun amọ̀, kò sí ẹni tí ìléru máa bà lẹ́rù. Ohun tó yẹ kí mùsíọ́ọ̀mù gbé wá síbẹ̀ ni àwòrán àti ìtàn àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìlérí pé òun máa ra ohun tó bá jáde, kí ó sì gbé e síta fún aráàlú wò. Kí wọ́n pe ayàwòrán kan tí kò mọ iná rárá. Kí wọ́n pe ọ̀gá kan láti Bídà, kí wọ́n san owó ọkọ̀ rẹ̀, owó ilé rẹ̀ àti owó iṣẹ́ rẹ̀ ní pípé. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì tó wà lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Bídà nínú mùsíọ́ọ̀mù òkè òkun, orúkọ ìlú ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ọdún, lẹ́yìn rẹ̀ orúkọ ẹni tó kó o lọ. Lórí káàdì tiwa, orúkọ ọ̀gá ìléru ni kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí ti ayàwòrán tẹ̀ lé e, kí ti mùsíọ́ọ̀mù wà nísàlẹ̀.